Orin tí ó ń Wúni Lórí: Àyẹ̀wò Bálàdì Alágbára Inú Orin Rọ́ọ̀kì (1970–1976) àti Ìhà tí Àwọn Olùgbọ́ Kọ sí I

Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ lítíréṣọ̀, ó ti mọ́ wa lára láti máa ka orin bí ẹni ń ka ìwé. A ó da ọ̀rọ̀ orin kọ sórí tákàdá, a ó ṣe àwárí àwítúnwí, àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, a ó sì gbà pé a ti dé ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀nà yìí wúlò, òun ni a sì fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn orin kan wà tí apá ọ̀nà yìí kò ká. Bí a bá da ọ̀rọ̀ wọn kọ, ohun tí yóò wà lórí tákàdá kò ju ọ̀rọ̀ ṣókí tí ẹnikẹ́ni lè sọ lọ. Bẹ́ẹ̀ orin kan náà yìí ni ó ń mú kí àgbàlagbà ọkùnrin máa nu ojú láàárín ọ̀pọ̀ èrò. Nígbà tí ohun tí a kọ sílẹ̀ kò bá lè ṣàlàyé omijé tí a rí, ó di dandan kí a wo ibòmíràn.

Irú orin bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970, ó sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ọdún 1976 tó parí. Bálàdì alágbára ni a ó máa pè é níbí. Ìbéèrè méjì ni a fẹ́ dáhùn: kí ni orin yìí ń ṣe sí olùgbọ́, kí sì ni olùgbọ́ ń ṣe sí orin? Èrò wa ni pé agbára orin náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí kò ṣe nínú gígòkè tí ó ń gòkè, àti pé nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúyẹ́ ni olùgbọ́ fi rí àyè gbé ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ lé e.

Àbùdá Bálàdì Alágbára

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, orin tí ó ń sọ ìtàn ni bálàdì. Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún ogún, ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí. Orin ìfẹ́ tí a ń kọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí bálàdì. Orin rọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ jẹ́ orin ariwo, orin gìtá oníná àti ìlù tí ń dún kíkankíkan. Ẹni tí ó bá mọ àwọn méjèèjì kò ní rò pé wọ́n lè gbé inú ilé kan. Ìgbéyàwó wọn ni ó bí ohun tí a ń wí.

David Metzer, onímọ̀ nípa orin, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bálàdì alágbára ní ọdún 2012, ó sì tún fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú nínú ìwé rẹ̀ lórí bálàdì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó jáde ní ọdún 2017. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni gígòkè. Gbogbo orin ìfẹ́ ni ó máa ń ru sókè díẹ̀ tí yóò sì tún rọlẹ̀, ṣùgbọ́n bálàdì alágbára kì í fẹ́ rọlẹ̀. Ibi tí ó bá dé, òkè ibẹ̀ ni ó tún ń wò.

Ọ̀nà tí ó ń gbà gòkè kò ṣòro láti tọ́ka sí. Ohun èlò kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ dún, ìyẹn píánò tàbí gìtá tí kò lo iná. Olórin yóò fi ohùn ìsàlẹ̀ wọlé, bí ẹni pé ẹnì kan péré ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ kan tàbí méjì, gìtá olóhùn ńlá yóò dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìlù jáàsì yóò bọ́ sí i níbi ègbè, ohùn yóò sì gbéra. Nígbà tí ó bá yá, gìtá oníná yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu olórin, yóò máa sunkún dípò rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, gbogbo orin náà látòkèdélẹ̀ ni wọn yóò gbé sókè ní ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni gbé àga kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó jókòó sórí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó gbajúmọ̀ jù ni "Stairway to Heaven" tí ẹgbẹ́ Led Zeppelin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde nínú àwo wọn kẹrin ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1971. Orin náà gùn tó ìṣẹ́jú 8. Gìtá Jimmy Page ni ó bẹ̀rẹ̀, fèrè tí John Paul Jones ń fọn tẹ̀ lé e, kí Robert Plant tó la ẹnu. Ó lé ní ìṣẹ́jú 4 kí ìlù John Bonham tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí èyí dáadáa: ẹgbẹ́ tí ó ní ọ̀kan lára àwọn onílùú tí ó lágbára jù lọ ní ìgbà náà ni ó ní kí onílùú rẹ̀ jókòó, kí ó máa wòran, fún ìdajì orin. Ohun tí a fi pamọ́ ni ó ń mú kí ọkàn olùgbọ́ máa retí. Bákan náà ni orin náà ń yára sí i díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń lọ. Page, tí ó ti fi ìgbà kan ṣe iṣẹ́ gìtá títa fún àwọn olórin mìíràn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ti sọ ọ́ nígbà púpọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí eré yára lọ́wọ́ ẹni nínú iṣẹ́ náà, àti pé ó mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin yìí ni.

Ìrètí àti Ìmọ̀tẹ́lẹ̀

Ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 1971 ni Led Zeppelin kọ́kọ́ kọ orin yìí níwájú èrò, ní gbọ̀ngàn Ulster Hall ní ìlú Belfast. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, John Paul Jones rántí ọjọ́ náà, ó ní ṣe ni orin náà sú àwọn òǹwòran. Orin tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Orin tí ó wá di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi omijé gbọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹnikẹ́ni mira lálẹ́ ọjọ́ náà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ẹgbẹ́ Aerosmith ti ìlú Boston gbé "Dream On" jáde ní ọdún 1973. Steven Tyler ni ó kọ ọ́. Ọmọ olùta píánò ni, ó sì hàn nínú bí orin náà ṣe rìn. Ìpò 59 ni ó dé lórí àtẹ Billboard kí ó tó já bọ́. Nígbà tí wọ́n tún gbé e jáde, ó dé ìpò 6 ní ọdún 1976. "Lady" tí ẹgbẹ́ Styx ti ìlú Chicago fi sínú àwo wọn ní ọdún 1973 kò lọ jìnnà nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ rédíò WLS ní Chicago ni ó gbé e dìde padà, ó sì dé ìpò 6 ní ọdún 1975.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni èyí: àwọn Aerosmith ti lókìkí kí ọdún 1976 tó dé, èyí tí wọ́n kò tíì ní ní ọdún 1973. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Síbẹ̀ a gbà pé ohun mìíràn wà níbẹ̀. Orin tí ó ń gun òkè nílò olùgbọ́ tí ó mọ̀ pé òkè wà níwájú. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́ yóò gùn jù lójú rẹ̀, nítorí kò mọ ohun tí ó ń dúró dè. Ẹni tí ó ti gbọ́ ọ nígbà ogún mọ ibi tí ìlù yóò ti bọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì ti máa múra sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí rédíò fi ṣe pàtàkì nínú ìtàn orin yìí: àsọtúnsọ rédíò ni ó kọ́ àwọn olùgbọ́ bí a ti ń dúró.

"Orí Mi Wú": Ohun tí Orin ń Ṣe sí Ara

Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà tí akéwì bá ki ènìyàn kan dé ibi tí ó ká a lára, a máa ń sọ pé orí rẹ̀ wú. A kì í sọ pé ọ̀rọ̀ náà yé e tàbí pé inú rẹ̀ dùn nìkan. Ara ni a ń tọ́ka sí. Irun ara yóò dìde, nǹkan kan yóò sáré láti ọrùn lọ sí ẹ̀yìn, nígbà mìíràn omi yóò lé sójú. Àwọn olùgbọ́ bálàdì alágbára ń ṣàpèjúwe ohun kan náà gan-an.

Láti ọdún 1980 tí Avram Goldstein ti kọ̀wé lórí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń tọpa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1991, John Sloboda ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde ìwádìí jáde tí ó ṣe lọ́dọ̀ ènìyàn 83. Ó ní kí wọ́n tọ́ka sí ibi pàtó nínú orin tí ara wọn ti máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rí i pé ibi tí ìró orin bá ti yí padà lójijì ni orí ti máa ń wú àwọn ènìyàn, àti pé ibi tí nóòtì kan bá ti fara ti èyí tí ó tẹ̀ lé e, tí ó ṣe bí ẹni pé kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ni ẹkún ti máa ń wá. Ní ọdún 1995, Jaak Panksepp ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé orin ìbànújẹ́ ni ó ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ju orin ayọ̀ lọ, pàápàá níbi tí ohùn kan bá ti dá gòkè láàárín àwọn ìyókù. Ó dá a lábàá pé ohùn náà ń jọ igbe ọmọ tí ó sọnù létí wa, pé òtútù tí ń mú ara ni ìpè láti lọ gbé ọmọ náà mọ́ra. Àbá ni, kì í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí Steven Tyler ṣe ń ké ní ìparí "Dream On" kò ní fi àbá náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ìwádìí tí Valorie Salimpoor, Robert Zatorre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Yunifásítì McGill ní Montreal, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011. Olúkúlùkù olùgbọ́ ni ó mú orin tí ó ń wú u lórí wá, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ rẹ̀ bí ó ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n rí i pé ọpọlọ ń tú èròjà dopamine jáde, èyí tí ó máa ń jáde nígbà tí oúnjẹ bá dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń ṣẹlẹ̀: apá kan ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ibi dídùn ṣì ń bọ̀, apá kejì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ó dé. Ìrètí pàápàá jẹ́ adùn. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé orin aláìlọ́rọ̀ ni wọ́n lò, kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ má baà da ìwádìí rú; kì í sì í ṣe bálàdì alágbára ni wọ́n ń wá. Èyí gan-an ni ó jẹ́ kí ó wúlò fún wa: orí àwọn olùgbọ́ náà wú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn.

Àkíyèsí kan yẹ níbí fún àwa olùkọ́ èdè olóhùn. Olórin elédè Gẹ̀ẹ́sì lè mú sílébù ìparí ọ̀rọ̀ kan, kí ó gbé e láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun dé òkè pátápátá, ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà. Bí olórin Yorùbá bá gbìdánwò rẹ̀ lórí "ọkọ̀", ó lè kọrin nípa ọkọ̀ ojú omi kí àwọn ènìyàn sì gbọ́ "ọkọ́" àgbẹ̀. Igbe gígùn tí ó ń fò sókè nínú bálàdì alágbára wà lára ohun tí èdè wọn yọ̀ǹda fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ìlù máa pọ̀ sí i, tàbí kí a gbé gbogbo orin sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè pa ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá lára, nítorí pé àlàfo tí ó wà láàárín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbáṣepọ̀ ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin yóò rí àpẹẹrẹ tí ó mú ọ̀rọ̀ yéni níbí. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi orin náà sí i kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́, láìfún wọn ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí olúkúlùkù na ọwọ́ sókè níbi tí ara rẹ̀ ti dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ó tó pín tákàdá. Ibi tí ọwọ́ wọn ti gbéra kì í sábà jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù.

Àríwísí àwọn Lámèyítọ́

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fara mọ́ orin yìí. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ orin rọ́ọ̀kì kà á sí àbùkù: wọ́n ní rọ́ọ̀kì jẹ́ orin ọ̀tẹ̀, pé ẹni tí ó bá ń fi gìtá sunkún ti fi ogun sílẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé ẹ̀tàn ni, pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀: bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, fi ìlù sí i, kígbe, parí rẹ̀. Nígbà tí ó di àárín ọdún 1980 sí 1989, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo jáde ti rí owó níbẹ̀, ẹ̀sùn yìí le láti jiyàn sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì alárìíwo kan ní Amẹ́ríkà nígbà náà tí kò ní bálàdì kan nínú àwo rẹ̀ fún rédíò.

Síbẹ̀, kí a fara balẹ̀. Oríkì pàápàá ní ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Akéwì kì í dá gbogbo gbólóhùn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ń ki ènìyàn. Èyí tí bàbá rẹ̀ gbọ́ ni ọmọ náà ń gbọ́, orí rẹ̀ sì ń wú. Pé ọ̀nà kan jẹ́ mímọ̀ kò sọ omijé ẹni tí ó bá gba ọ̀nà náà di irọ́. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bèèrè ni bóyá orin náà gòkè dé ibì kan lóòótọ́ tàbí ariwo rẹ̀ nìkan ni ó ń pọ̀ sí i.

Ọ̀ràn ọkùnrin àti obìnrin tún wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu bálàdì sábà máa ń sọ pé tìtorí àwọn obìnrin ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí ń lọ wo àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí lórí ìtàgé. Ní àwùjọ tí wọ́n ti ń sọ fún ọkùnrin pé kò gbọdọ̀ sunkún, ariwo gìtá jẹ́ aṣọ tí ó lè fi bo ojú. Ó lè sọ pé gìtá ni ó mú òun wá.

Nígbà tí Orin Di ti Olùgbọ́: "Free Bird"

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù ni ìtàn "Free Bird". Allen Collins àti Ronnie Van Zant ti ẹgbẹ́ Lynyrd Skynyrd, ọmọ ìlú Jacksonville ní ìpínlẹ̀ Florida, ni wọ́n kọ ọ́. Ó jáde nínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1973. Ó lé ní ìṣẹ́jú 9. Píánò tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀: Billy Powell, tí ó ń bá ẹgbẹ́ náà ru ẹrù, ni ó dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ṣeré níbi ayẹyẹ ilé-ẹ̀kọ́, ó jókòó sí píánò, ó fi ohun tí ó ti hun sílẹ̀ hàn wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́. Ìdajì àkọ́kọ́ orin náà lọ́ra bí ẹni ń rìn nínú oorun. Nígbà tí ó bá yá, ó sáré, àwọn gìtá bẹ̀rẹ̀ sí fi ara wọn sáré, ó sì lé ní ìṣẹ́jú 4 tí ẹnikẹ́ni kò tún ní sọ ọ̀rọ̀ kankan títí orin yóò fi parí.

Bí a bá kà á lórí tákàdá, kí ni ó wí? Ọkùnrin kan ń sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé òun ń lọ, pé òun kò lè yí padà, pé kí ó má jẹ́ kí ó dùn ún jù, nítorí òun ni ó jẹ̀bi. Kò sí ohun tí ó wúni lórí nínú èyí. Obìnrin tí a ń sọ ọ́ fún ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Bí lámèyítọ́ kan bá dúró síbẹ̀, yóò ní orin ọkùnrin aláìdúróṣinṣin ni, kò sì ní jẹ̀bi.

Àwọn olùgbọ́ kò dúró síbẹ̀. Láìpẹ́ ni orin náà di ohun tí ẹgbẹ́ náà fi ń rántí Duane Allman, ògbóǹtagí onígìtá tí ó kú nínú ìjàm̀bá alùpùpù ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1971. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ń kọ olólùfẹ́ sílẹ̀ di ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kú. Ní oṣù Keje, ọdún 1976, nígbà tí wọ́n ń gba ohùn eré wọn sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Fox Theatre ní Atlanta, Van Zant bi àwọn òǹwòran léèrè orin tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Ìdáhùn wọn wà nínú àwo náà títí di òní. Kò sí ẹni tí ó ṣiyèméjì nípa orúkọ tí wọ́n pariwo.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 1977, ọkọ̀ òfúrufú tí ó gbé ẹgbẹ́ náà já lulẹ̀ nínú igbó kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ènìyàn 6 ni ó kú, Ronnie Van Zant wà lára wọn, Steve Gaines onígìtá àti Cassie Gaines ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí bí ènìyàn ṣe lè gbọ́ orin nípa ẹni tí ń fò lọ bí ó ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, nóòtì kan kò yí padà. Ìtumọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́.

Nígbà tí àwọn tí ó kù tún kó ara wọn jọ fún eré ìrántí ní ọdún 1987, Johnny Van Zant, àbúrò Ronnie, ni ó wá ń kọrin. Ó kọ gbogbo ìyókù. Nígbà tí wọ́n dé "Free Bird", kò kọ ọ́. Àwọn onígìtá ta ohùn rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn dúró lásán láàárín ìtàgé, àwọn òǹwòran ni wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. A kò lè rí àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere ju èyí lọ nípa olùgbọ́ tí ó di olórin. Òtítọ́ ni pé orúkọ orin yìí tún di ẹ̀fẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ibi yòówù tí olórin kan bá ti ń ṣeré, ìbáà ṣe orin jáàsì, ẹnì kan lè pariwo "Free Bird" láti ẹ̀yìn. Ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀fọ̀ ń gbé pọ̀ nínú orin kan ṣoṣo, àwọn ènìyàn kò sì rí ohun tí ó takora níbẹ̀.

Iná Lọ́wọ́ àti Òòrùn Àárọ̀

Gbogbo ẹni tí ó bá ti wo fọ́nrán eré rọ́ọ̀kì ti ọdún 1970 sí 1979 yóò ti rí láítà tí àwọn òǹwòran ń tàn sókè nígbà tí orin bá rọlẹ̀. Ẹnu àwọn òpìtàn kò kò lórí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé olórin obìnrin náà, Melanie, rí àbẹ́là tí àwọn ènìyàn tàn nínú òjò ní Woodstock ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1969, ó sì fi kọ orin tí ó jáde ní ọdún 1970. Lónìí, fóònù alágbèéká ni wọ́n ń nà sókè. Iná náà ń ṣe iṣẹ́ tí pípàtẹ́wọ́ kò lè ṣe: ó gba ènìyàn láyè láti dáhùn láìdá orin dúró.

Ní ilẹ̀ Bulgaria, ìdáhùn náà ga ju ti láítà lọ. Ẹgbẹ́ Uriah Heep ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé "July Morning" jáde nínú àwo wọn, Look at Yourself, ní ọdún 1971. Ken Hensley àti David Byron ni wọ́n kọ ọ́. Ó lé ní ìṣẹ́jú 10, dùùrù ni ó ṣíwájú rẹ̀, ó sì gòkè bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gòkè. Orin ọkùnrin tí ń wá ìfẹ́ kiri láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Keje ni. Ní àárín ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì ṣì wà lórí oyè níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Bulgaria bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí etí Òkun Dúdú ní òru ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, láti wo bí òòrùn yóò ti yọ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Keje. Wọn kò gbé àsíá, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú kankan. Ta ni yóò mú ènìyàn nítorí pé ó ń wo òòrùn? Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn òkùnkùn dúró fún.

Ìjọba náà ṣubú ní òpin ọdún 1989. Àṣà náà kò bá a lọ. Ní abúlé Kamen Bryag, níbi tí òkúta ti dá dúró sórí òkun, ni John Lawton ti wá ń kọ orin náà fún àwọn tí ó jí wo òòrùn, kí ó tó kú ní ọdún 2021. Ó ti ṣe olórin Uriah Heep ní ọdún 1976 sí 1979, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn rẹ̀ ni ó wà nínú àwo ti ọdún 1971, Byron ni. Èyí kò da àwọn olùgbọ́ láàmú. Wọ́n ti sọ orin náà di tiwọn tipẹ́, ẹni tí ó bá lè gbé e gòkè nígbà tí òòrùn ń yọ ni wọ́n ń fẹ́. Bí a bá sì wò ó dáadáa, ìyọjú òòrùn fúnra rẹ̀ ń rìn bí bálàdì alágbára: òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ létí òkun, ìdúró tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ súni, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí Olórin Di Olùgbọ́

Ọ̀kan ṣoṣo ni ó kù tí a kò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn ìhà tí olórin fúnra rẹ̀ kọ sí orin rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Robert Plant kò fi í pamọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún pé "Stairway to Heaven" ti sú òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 22 ni nígbà tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá òun ṣì gbà á gbọ́. Bonham ti kú ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1980, ẹgbẹ́ náà sì ti túká.

Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2012, wọ́n dá àwọn mẹ́ta tí ó kù lọ́lá ní Kennedy Center ní Washington. Wọ́n jókòó sókè bí òǹwòran. Ann àti Nancy Wilson, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ẹgbẹ́ Heart, bọ́ sórí ìtàgé, gìtá kan àti ohùn kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sídìí ìlù, tí òun náà ń dúró de ìgbà tirẹ̀, ni Jason Bonham, ọmọ John. Nígbà tí orin dé òkè, ẹgbẹ́ akọrin ńlá kan yọ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú fìlà bí irú èyí tí olóògbé onílùú máa ń dé. Plant kò kọ nóòtì kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́ náà, omi sì kún ojú rẹ̀.